Ọjọ́ Tí Daddy Japheth Sọ̀ Kalẹ̀ Wo Ìlú

Ohun márùn-ún ni Olúwaṣògo tò sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ó sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pa àpò náà dé: fíláàsì tíì kan, búrẹ́dì tí ó fi ẹyin díndín há láàárín, oògùn ọ̀sán Daddy nínú ọ̀rá, ṣòkòtò kan nítorí ohun tí ó bá lè ṣẹlẹ̀, àti agbòjò. Fóònù kò sí lára wọn. Àpò àyà ni ó fi fóònù sí, níbi tí yóò ti tètè gbọ́ ọ bí ó bá dún, nítorí ìpè kan ń bọ̀ láti káńsù lọ́jọ́ náà. Ìpè ọ̀hún ni yóò sọ bóyá Daddy Japheth yóò máa gbé inú ilé ara rẹ̀ ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí wọn yóò kó o kúrò níbẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni Olúwaṣògo, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ṣògo. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ṣómólú ní Èkó ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ènìyàn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó fi jókòó nínú ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀, tí ó ń ka ohun gbogbo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́: kàlẹ́ńdà, ìwé orin ìjọ, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ètò ìsìnkú. Àṣìṣe kì í gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí pépà wọ́n gógó, tí ilé ìtẹ̀wé náà sì ti ìlẹ̀kùn, ó gba fíìsà iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó wá sí Ìlú Ọba, ó fi Moráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ nílé. Yàrá kan ni ó ń gbé ní Woolwich. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fíìsà bọ́ nìyẹn.

Daddy Japheth ni arúgbó tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni ó fi wa bọ́ọ̀sì onípele méjì láti Plumstead, gba Woolwich, gba Deptford, dé àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Gbogbo ohun tí àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ni ó ti kọjá lára wọn nígbà àìmọye. Kò sọ̀ kalẹ̀ wo ọ̀kan ṣoṣo rí.

"Dírẹ́bà kì í wo ìran," ni ó máa ń wí. "Ojú ọ̀nà ni í wò."

Ọ̀sán ni ti Daddy. Alẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń rọ̀, orí rẹ̀ pé ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ: ó mọ orúkọ gbogbo ibùdó ọkọ̀ tí ń bẹ lójú ọ̀nà rẹ̀, ó mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó mọ ìdí tí òun àti alága ìjọ kan fi ń yan odì láti bí ogún ọdún. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìrántí rẹ̀ a máa yọ́ bí iyọ̀ nínú omi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Èdè tí ó fi ṣiṣẹ́, tí ó fi ra ilé, tí ó fi wá jíjẹ àti mímu, tí ó fi bá ọlọ́pàá ṣe àríyànjiyàn ní Old Kent Road, a fi í sílẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ òun; Yorùbá nìkan ni yóò kù sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ìta.

Ní oṣù tí ó ṣáájú, obìnrin kan tí ó ń fa ajá rẹ̀ kiri ní kùtùkùtù bá a létí adágún inú Birchmere Park, aṣọ ìsùn ni ó wọ̀, omi sì mù ún dé orúnkún. Láti ọjọ́ náà ni Delight, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ti ń sùn lórí àga nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀. Belvedere ni Delight ń gbé, nínú yàrá méjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó bẹ káńsù pé kí wọ́n fún bàbá òun ní olùtọ́jú òru. Ó sì tún wá àyè sí ilé àwọn arúgbó kan ní ìlú etí òkun, ìrìn wákàtí méjì sí Thamesmead. Wọ́n ní kí ó mú bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé bí káńsù bá kọ̀. Kì í ṣe ìlú náà ni Daddy ń bẹ̀rù, kì í sì í ṣe oúnjẹ wọn.

"Ta ni yóò gbọ́ mi níbẹ̀ lálẹ́?" ni ó bi ọmọ rẹ̀. "Bí mo bá ní òùngbẹ ń gbẹ mí, wọn yóò rò pé orin ni mò ń kọ."

Ohun kan wà tí Ṣògo mọ̀, tí bàbá kò mọ̀, tí ọmọ kò mọ̀. Lójoojúmọ́ ni olùtọ́jú gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn ẹni tí ó ń tọ́jú sínú fóònù. Ìròyìn náà sì ni káńsù máa ń kà bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí. Fún igba ọjọ́ ó lé mọ́kàndínlógún, ohun kan náà ni Ṣògo kọ: Bàbá sùn dáadáa. Ara wọn le. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ó bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Daddy. Òwúrọ̀ kan wà tí gáàsì ń jáde láìsí iná lórí rẹ̀. Òwúrọ̀ kan tún wà tí ó bá a nínú ọpọ́n ìwẹ̀ gbígbẹ, tòun ti kóòtù àti fìlà iṣẹ́, tí ó ń retí kí ọ̀gá gáréèjì pe orúkọ òun. Ní gbogbo òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, Ṣògo a fọ ohun tí ó yẹ ní fífọ̀, a ti ohun tí ó yẹ ní títì, a wá jókòó, a sì kọ pé ara Bàbá le.

Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpùrọ́ ènìyàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni. Nínú ilé tí ó ti dàgbà, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé àìsàn ń le sí i. Bàbá tirẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọdún kan tí kò lè dá ara rẹ̀ yí, bí àlejò bá béèrè, ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí ni pé, "Wọ́n ń gbádùn, a dúpẹ́." Ní ìjọ tí ó ń lọ ní Woolwich, wọ́n ń kọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu pè ni yóò dá a lóhùn. Lékè gbogbo rẹ̀, ta ni òun tí yóò máa kọ̀wé sí àwọn tí kò mọ Daddy rí pé àgbà tí ó tó bí òun lọ́mọ tọ̀ sára? Ọmọ tí ó bá rí ìhòòhò bàbá, aṣọ ni í fi bò ó. Kì í fi ìwé ránṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, obìnrin káńsù tí ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Patricia, pè é. Ó yìn ín. Ó ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó fò. Ó wá bi í pé ṣé bí ó ti kọ ọ́ náà ni ó rí. Àyè láti sọ òtítọ́ nìyẹn. Ṣògo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Daddy fúnra rẹ̀ ni ó ní òun fẹ́ wo ìlú. Bí wọ́n bá máa dúró de ìpè, ó ní, kí wọ́n dúró dè é níbi tí ojú ti ń rí nǹkan. Delight gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára aṣọ rẹ̀, bí ilé àwọn arúgbó náà ti ní kí wọ́n ṣe.

"Uncle Ṣògo, máa mú Dad lọ jàre," ni ó sọ ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ibikíbi tó bá fẹ́. Mi ò fẹ́ kó wà ńlé tí mo bá ń kọ orúkọ sára síńgílẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

"Mo gbọ́ o," ni Daddy wí láti inú ilé. "Etí mi kò tíì lọ sí ilé arúgbó."

"Dad, wọn ò tíì sọ nǹkan kan."

"Kí ni o wá ń kọ orúkọ sí?"

Daddy jáde sí wọn. Delight tún kọ́là kóòtù bàbá rẹ̀ ṣe, ó wo Ṣògo bí ẹni pé òun ni yóò dáhùn, ó sì wọlé.

Bọ́ọ̀sì kan gbé wọn dé Woolwich, wọ́n sì wọ èkejì, èyí tí ń tọ ojú ọ̀nà tí Daddy fi ayé rẹ̀ tọ̀. Ó jókòó sí àga tí ó sún mọ́ dírẹ́bà jù lọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gun òkè, tí Royal Artillery Barracks wà lókè níhà òsì wọn, ó mi orí.

"Wo ọmọ yìí. Ó ń tẹ bíréèkì bí ẹni ń po amọ̀."

"Daddy, wọn yóò gbọ́ yín."

"Kí ó gbọ́. Ṣé Yorùbá ni?"

Iná pupa dá ọkọ̀ dúró. Dírẹ́bà náà, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba, yíjú sí wọn láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Daddy, ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́. Mùjídì lorúkọ mi, Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí."

Gbogbo àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá nínú ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọn kò sì kéré. Daddy náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Mùjídì ọmọ Mọ́kọ́lá, rọra fi ẹsẹ̀ kàn án. Èèyàn lo kó, kì í ṣe iṣu."

"Ó yé mi, sà."

Láti ibẹ̀ dé Deptford, Mùjídì rọra fi ẹsẹ̀ kàn án. Daddy ń ka àwọn ibùdó ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó pè wọ́n, ó sì ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun níbi kọ̀ọ̀kan: níbí ni obìnrin kan ti rọbí, níbí ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ju òkúta lu gíláàsì, níbí ni ọkùnrin kan ti sùn kọjá ibi tí ó ń lọ lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, tí òun ń jí i. Ṣògo ń sọ pé, "Ẹ̀n, Daddy," ọwọ́ rẹ̀ wà ní àpò àyà.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé orí Westminster Bridge. Ohun mẹ́ta péré ni Daddy ní òun fẹ́ fi ọwọ́ kàn: irin afárá, ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun ọba ń gùn, àti kìnnìún onídẹ inú Trafalgar Square; lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ wo òpópó àwọn ilé ìtajà ńlá. Ó rìn dé ìdajì afárá, ó fi ọwọ́ òsì di irin mú, ó sì dúró. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń yà fún un bí omi ti í yà fún òkúta. Ó dúró pẹ́.

"Ó ń pariwo," ni ó wí.

"Kí ni, Daddy?"

"Odò yìí. Mi ò mọ̀ pé ó ń pariwo."

Agogo ńlá lù ní mọ́kànlá. Daddy gbé ojú sókè, ó ń kà á pẹ̀lú ètè. Nígbà tí ó parí, ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun fi ń wo aago náà láti mọ̀ bóyá òun ti pẹ́. Òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ẹ́ńjìnnì ni òun máa ń gbọ́.

Ní Whitehall, wọ́n bá ẹṣin dúdú kan nínú àyè rẹ̀, ọmọ ogun jókòó lé e lórí láìmira. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan ẹṣin, nítorí ó lè géni jẹ. Daddy ka ìwé náà tán, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Ṣògo, wo ọkùnrin yìí. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ yíra padà. Àfi bíi pé káńsù ló ní kó dúró de ìpè."

Ṣògo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Ó di agogo kan kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ kìnnìún, nítorí ẹsẹ̀ Daddy ń fẹ́ ìsinmi ní gbogbo ogún ìṣísẹ̀. Kìnnìún náà ga jù. Ìdí òkúta tí ó dùbúlẹ̀ lé ni ọwọ́ Daddy tó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, bí ènìyàn ti í gbá ara ọkọ̀ tí kò dá a lójú. Wọ́n jókòó sórí àga òkúta. Ṣògo da tíì, ó fún un ní oògùn, ó pín búrẹ́dì sí méjì. Atẹ́gùn oṣù Bélú ń fẹ́ omi tí ń tú sókè láàárín gbàgede náà sí wọn lára.

"Kí ni ẹ fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yẹn, Daddy?" Kí ìdákẹ́jẹ́ má baà pọ̀ ni ó fi béèrè.

Daddy ro ó. "Káàdì," ni ó wí.

"Káàdì wo, sà?"

"Káàdì àlébù. Láàárọ̀, kó o tó gbé ọkọ̀ kúrò ní gáréèjì, wàá yí i ká. Táyà, iná, bíréèkì, ìlẹ̀kùn, agogo, díńgí. Èyí tí kò bá dáa, o kọ ọ́ sínú káàdì, o bu ọwọ́ lù ú. Àwọn ọmọ wa kan kì í kọ ọ́. Wọ́n á ní àwọn ò lè fi ẹnu ara àwọn pe jàǹbá ní kùtù hàì. Wọ́n á kọ pé gbogbo ẹ̀ dáa, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn." Ó mu tíì. "Mo máa ń sọ fún wọn pé Ọlọ́run kì í ka káàdì. Mẹkáníìkì ló ń kà á."

Ṣògo gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Tí bíréèkì bá wá já ńkọ́, Daddy?"

"Ẹni tó bu ọwọ́ lù ú ni."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí fóònù dún. Ṣògo yọ ọ́, ó wo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, ó fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀. Daddy fi ọ̀pá dá a dúró.

"Tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà gbọ́. Orí mi ni wọ́n ń pè sí."

Ohùn Patricia jáde, ohùn ẹni tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti bá Delight sọ̀rọ̀, ó ní, Delight sì ní kí ó pe bàbá òun fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti jókòó. Wọn kò lè fọwọ́ sí olùtọ́jú òru. Ìṣẹ̀lẹ̀ adágún dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àkọsílẹ̀ igba ọjọ́ ó lé mọ́kàndínlógún sì wà níwájú wọn, kò sí òru kan nínú rẹ̀ tí kò dára.

Ọ̀sán ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì Daddy ṣì pé. Ó bi obìnrin náà, ní ohùn tí dírẹ́bà fi ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ta ni ó kọ àkọsílẹ̀ náà.

"Olùtọ́jú yín ni, sà," ni Patricia dáhùn. "Ó ń kọ ọ́ dáadáa."

Daddy dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró kí ìpè náà kú kí ó tó yíjú.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Lọ́jọ́ tó o bá mi nínú ọpọ́n ìwẹ̀, kí lo kọ?"

"Mo kọ pé ara yín le."

"Lọ́jọ́ gáàsì?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà."

Ẹyẹlé kan ń ṣa èérún búrẹ́dì lẹ́bàá bàtà Daddy. Ó wò ó títí ó fi ṣa gbogbo rẹ̀ tán.

"Mi ò lè pe ibi lé yín lórí, Daddy," ni Ṣògo wí. "Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá kọ ọ́, ó máa dúró."

"Ó ti dúró kó o tó dé, Ṣògo. Ẹni tó máa kọ ọ́ ló ń wá." Kò gbé ohùn sókè. Ìyẹn gan-an ni ó burú níbẹ̀. "Pè é padà."

Ṣògo pè é. Ó sọ ohun gbogbo fún Patricia, òwúrọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń ka àṣìṣe inú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán: ìlẹ̀kùn, ẹrẹ̀, gáàsì, ọpọ́n ìwẹ̀, aṣọ tí ìtọ̀ mú tutù. Ohùn Patricia kò le, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ó ti kọjá kò ṣeé yí padà. Bí Ṣògo bá ní irọ́ ni òun kọ fún oṣù méje, èwo ni kí ìgbìmọ̀ gbàgbọ́, ti àná ni àbí ti òní? Delight lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tuntun; ọ̀sẹ̀ méjìlá ni yóò gbà, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ilé àwọn arúgbó kò sì lè dúró kọjá ọjọ́ Ajé.

"Èmi á máa sùn níbẹ̀," ni Ṣògo wí. "Fún ọ̀sẹ̀ méjìlá náà. Mi ò gba kọ́bọ̀."

Èyí kò ṣeé ṣe, ni Patricia wí. Ẹni tí ó bá fi irọ́ sínú ìwé ìtọ́jú, òfin ní kí òun fi tó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ létí kí ọjọ́ náà tó parí. Wọn yóò dá a dúró títí wọn yóò fi wádìí. Kí ó mú bàbá dé ilé láìléwu. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó má padà síbẹ̀.

Ìpè náà kú. Ṣògo ro Moráyọ̀, ó ro àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, ó ro ìwé fíìsà tí ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni kò lè ro nǹkan kan mọ́. Daddy ti dìde, ó ń fi ọ̀pá wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dúró sí.

"Ẹ ò fẹ́ rí òpópó àwọn ilé ìtajà yẹn, Daddy? Ẹ ní ẹ fẹ́ débẹ̀."

"Mo ti rí i. Jẹ́ ká lọ sílé nígbà tí mo ṣì mọ ọ̀nà."

Agogo mẹ́ta àbọ̀ kọjá kí wọ́n tó rí àga nínú bọ́ọ̀sì tí ń padà lọ. Daddy kò ka ibùdó ọkọ̀ kankan. Ní Old Kent Road, àwọn ṣọ́ọ̀bù ń tan iná wọn. Nígbà tí wọn yóò fi dé Deptford, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Daddy fi ọwọ́ kan Ṣògo ní orúnkún.

"Ṣògo. Ṣé wọ́n ti pè?"

Ó wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, kò sí ìbínú, kò sí Trafalgar Square. Ìrètí ni ó wà níbẹ̀, funfun báláú. Ìdáhùn kan ti wà lẹ́nu Ṣògo, èyí tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ láti kékeré: Ó máa dáa, Daddy.

"Wọ́n ti pè, sà. Wọ́n kọ̀."

Daddy gbọ́ ọ bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. "Kí ló fà á?"

"Èmi ni. Mo kọ irọ́ sínú ìwé yín."

Daddy yíjú sí fèrèsé. Ní Blackheath, obìnrin òyìnbó kan tí ó gbé ẹrù fẹ́ kọjá, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lọ́nà. Daddy wo ètè obìnrin náà. Ó wò ó pẹ̀lú ìtẹríba, bí ènìyàn ti ń wo ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìn gíláàsì. Obìnrin náà tún un sọ, ó gbé ohùn sókè. Daddy rẹ́rìn-ín sí i láti fi tù ú nínú. Ṣògo ni ó gbé ọ̀pá náà kúrò.

"Kí ló ń wí?"

"Ó fẹ́ kọjá ni, Daddy."

"Ah. Ṣé wọ́n ti pè?"

Ṣògo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti rò pé èkejì yóò fúyẹ́ díẹ̀. Kò fúyẹ́.

Bí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ òkè lọ sí Woolwich, Daddy béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Ṣògo sì dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn wọn, aṣọ nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀, fi ìka kàn án léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá. Àgbàlagbà ni wọ́n. Ẹ ṣáà ní ó máa dáa."

"Mo ti ń sọ ọ́ láti oṣù méje, mà," ni Ṣògo wí.

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

Delight ṣí ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó kàn án. Ó ti sunkún, ó sì ti fọ ojú. Àpótí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti pa èkíní dé, èkejì ṣí sílẹ̀.

"Ṣé Dad ti mọ̀?" ni ó bi Ṣògo, ohùn nísàlẹ̀.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án."

"Wọn ò tiẹ̀ sọ ìdí tó ṣe gúnmọ́. Wọ́n kàn ń pe ìwé, ìwé. Ìwé wo?"

Ṣògo bọ́ kóòtù lọ́rùn Daddy, ó fi kọ́. Ó mú un jókòó, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé kúrò nínú òrùka kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Nígbà tí ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde, Daddy di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ṣògo, aago mélòó lo ń bọ̀ lọ́la?"

"Mi ò ní wá lọ́la, Daddy."

"Kí ló dé?"

Delight dúró ní ẹ̀gbẹ́ àpótí tí ó ṣí sílẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àwọn méjèèjì. Ṣògo kúnlẹ̀ níwájú àga náà kí ojú òun àti ti Daddy lè ṣe déédéé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀.